Olótùú Tí Ó Kọ Lẹ́tà Sí Ara Rẹ̀: I. B. Thomas àti Ìwé Ìròyìn Akéde Èkó

Nígbà tí àwọn alámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ìtàn àròsọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ méjì ni ó máa ń takora. Àwọn kan a ní D. O. Fágúnwà ni aṣáájú, nítorí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Àwọn mìíràn a ní ó tì o, I. B. Thomas ni, nítorí Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó ti di ìwé ní 1930. Bísí Ògúnṣínà gan-an, nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1992 lórí ìdàgbàsókè ìtàn àròsọ Yorùbá, ọdún 1930 ni ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ó yẹ̀ wò. Àríyànjiyàn yìí ní àǹfààní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan máa ń bọ́ sọnù nínú rẹ̀. Ìwé ni Fágúnwà jókòó tí ó kọ. Ìwé ìròyìn ni Thomas jókòó tì ní tirẹ̀, olótùú sì ni. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé a kò lè lóye Sẹ̀gilọlá, a kò sì lè yìn ín tàbí kí a bá a wí bí ó ti tọ́, àfi bí a bá kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ olótùú tí ó bí i wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìwé ìròyìn náà. Ní Lánlátẹ̀, bí ó ti rí ní àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù láti Èrúwà títí dé Igbó-Ọrà, a mọ ẹni tí à ń pè ní akéde. Agogo rẹ̀ ni ó máa ń dún kí ohùn rẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ tí ó ń kéde kì í ṣe tirẹ̀. Ààfin ni wọ́n ti fi rán an. Nítorí náà ni a kì í ṣe é bá akéde jà, nítorí náà náà sì ni a ṣe ń gbà á gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba gbé ibùdó sátẹ́láìtì kalẹ̀ ní Lánlátẹ̀ kan náà yìí, tí ìpè tẹlifóònù láti òkè òkun sì ń gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kí ó gba ohùn, kí ó sì fi ohùn ránṣẹ́. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Akéde kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn àgbà mọ èyí tí wọ́n fi ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à máa fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ní àyè díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà: yóò yan ọ̀rọ̀, yóò tún ohùn ṣe, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti dákẹ́. Àyè yìí gan-an ni oko olótùú. Ó wà láàárín akéde tí ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn àti òǹkọ̀wé tí ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìbéèrè tí ó dojú kọ gbogbo olótùú ni pé: báwo ni àyè náà ṣe fẹ̀ tó?

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá ti lé ní àádọ́rin ọdún kí Sẹ̀gilọlá tó jáde. Henry Townsend ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí rúkèrúdò 1867 sì fòpin sí i. Àmọ́ àwọn ọdún 1920 ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Èkó. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí-Ọfẹ jáde ní 1923, E. M. Awóbíyì gbé Èkó Ìgbẹ̀yìn jáde ní 1926. Kí àwọn ọdún náà tó parí, Isaac Babalọlá Thomas, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ti ń gbé Akéde Èkó jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Kí a má ṣe ro yàrá ìròyìn òde òní, níbi tí akọ̀ròyìn kún tí igbákejì olótùú sì wà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ilé iṣẹ́ kékeré báyìí, ẹni tí ó kọ àròkọ olótùú náà ni ó ń wá ẹni tí yóò san owó ìwé. Thomas rin ìrìn àjò lọ sí àwọn ìlú òkè, ó sì kọ ìròyìn ìrìn àjò náà sínú ìwé rẹ̀, tí ó ń dárúkọ àwọn tí ó gbà á lálejò. Ìròyìn ni, ìpolówó ni, ìdúpẹ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú Akéde Èkó yóò fẹ́ ra èyí tí ń bọ̀. A ó rí i pé kí Sẹ̀gilọlá tó sọ̀rọ̀ rárá ni Thomas ti mọ̀ pé ìwé ìròyìn kì í kàn án gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn òǹkàwé. Ó gbọ́dọ̀ fa àwọn òǹkàwé pàápàá wọ inú ọ̀rọ̀.

Ewu sì wà nínú iṣẹ́ náà. Láti 1903 ni òfin ìwé ìròyìn ti béèrè ìdúró £250 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde, owó tí kì í ṣe kékeré rárá nígbà náà. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, ọba tí ìjọba yọ lóyè tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ti pín ìlú Èkó sí méjì, kò sì rọlẹ̀ títí ọba náà fi padà dé ní 1931. Ní 1928, wọ́n rán Herbert Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí Lagos Daily News, ìwé ìròyìn tirẹ̀, tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Gbogbo olótùú Èkó ni ó rí i. Nígbà tí ó yá, Thomas náà ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Macaulay ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó jókòó sí àga olótùú Akéde Èkó ní 1929 mọ̀ dájú pé orúkọ ènìyàn kan tí a bá tẹ̀ sórí ìwé lè mú ni dé ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù keje ọdún 1929 ni lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Obìnrin kan ni ó kọ ọ́ sí olótùú. Ó ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ayé òun kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Èkó ni. Ìyá rẹ̀ tọ́ ọ pẹ̀lú ìkóra, ṣùgbọ́n ẹwà ojú rẹ̀ àti ìfẹ́ afẹ́ ṣì í lọ́nà, títí ó fi di ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé, tí ọkọ kan ṣoṣo kò sì kù fún un ní ọjọ́ alẹ́. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, lẹ́tà ń jáde, títí di oṣù kẹta 1930. Lóòótọ́, kò sí obìnrin kankan tí ó ń kọ̀wé. Olótùú ni ó ń kọ ọ́, òun náà ni ó sì ń gbà á.

Ohun tí ó mú kí ìtàn náà wọ àwọn òǹkàwé lára ni pé gbogbo ohun èlò rẹ̀ ni Thomas ti rí nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ olótùú. Ẹ wo ìrísí rẹ̀ ná. Lẹ́tà sí olótùú jẹ́ ohun tí òǹkàwé ìwé ìròyìn mọ̀ dunjú. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ bí a ṣe ń ka irú ohun bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibùdó ìtàn. Àwọn àdúgbò àti òpópó Èkó tí Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ ni àwọn òǹkàwé ń gbà lọ sí ọjà. Ẹ wo àkókò. Asọ̀tàn ń ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ tí òǹkàwé ń kà á; bí lẹ́tà bá dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, a jẹ́ pé ẹ̀mí ṣì ń bẹ. Òǹkọ̀wé tí ó bá jókòó sí yàrá rẹ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ dá ayé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Thomas ní ayé tí ó ti wà nílẹ̀: ojú ìwé tí ó dojú kọ lẹ́tà náà kún fún ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Bí ilé kan bá jóná gidi ní ojú ìwé kejì, tí Sẹ̀gilọlá sì ń sunkún ní ojú ìwé kẹta, ta ni yóò sọ pé omijé náà kì í ṣe gidi?

Abájọ tí àwọn òǹkàwé fi dáhùn. Wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn sí olótùú, wọ́n káàánú obìnrin náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìkìlọ̀. A tilẹ̀ rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ kí olótùú bá òun fún un. Thomas tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtàn náà ní òǹkọ̀wé tí ó ju ẹyọ kan lọ: àwọn ènìyàn gidi ń bá ẹ̀dá-ìtàn sọ̀rọ̀ nínú ojú ìwé kan náà. Ẹni tí ó bá ka ìwé ti 1930 nìkan kò ní rí apá yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé náà sì ṣọ̀wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, wọn kò fojú kàn án. Iṣẹ́ ńlá ni Karin Barber ṣe fún wa ní 2012 nígbà tí ó tún ìtàn náà tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì kó àwọn ohun mìíràn láti inú ìwé ìròyìn tì í. Láti ìgbà náà ni a ti lè rí i kedere pé inú agbo ni ìtàn yìí ti dàgbà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di tàbí-ṣùgbọ́n. Kí ni kí a sọ nípa olótùú tí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀? Àwọn tí ó fẹ́ràn Thomas lè sọ pé bí ìtàn àròsọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn níbi gbogbo. Wọn kò parọ́. Daniel Defoe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníwèé ìròyìn tí ó gbé Review jáde láti 1704 sí 1713, kọ Moll Flanders ní 1722: obìnrin kan tí ó ti ṣe olè àti panṣágà ń sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ pẹ̀lú ìrònúpìwàdà, a sì gbé e kalẹ̀ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gidi. Samuel Richardson, òǹtẹ̀wé ní London, fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí olótùú lásán fún àwọn lẹ́tà tí ó wà nínú Pamela ní 1740. A kò sọ pé Thomas wo àwòkọ́ṣe lára wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ìwé títẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ máa ń tètè mọ agbára tí ó wà nínú kí ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìwé ni Defoe àti Richardson fi tiwọn ṣe. Inú ìwé ìròyìn ni Thomas fi tirẹ̀ sí, ìyàtọ̀ yìí kò sì kéré. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, Washington Post ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde tí Janet Cooke kọ nípa ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ oògùn olóró. Àwọn aláṣẹ ìlú wá ọmọ náà títí, wọn kò rí i. Ní oṣù kẹrin 1981, wọ́n fún Cooke ní ẹ̀bùn Pulitzer. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó hàn síta pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀bùn padà, akọ̀ròyìn fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn olótùú tí ó yẹ kí wọ́n ti bi í ní ìbéèrè sì gba ẹ̀bi tiwọn. Ìlú kan ń wá ọmọ tí kò sí. Ní Èkó, ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ sí aláìsàn tí kò sí. Èéṣe tí a fi ń bú Cooke, tí a sì ń kọ́ ọmọ wa ní Sẹ̀gilọlá?

Ìdáhùn kan ni pé ohun tí ìtàn méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé yàtọ̀. Ìròyìn Cooke ń ké sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n dìde lọ gba ọmọ kan là. Sẹ̀gilọlá kò béèrè ju pé kí òǹkàwé wo ìwà ara rẹ̀, ìwà yìí sì wà, bí òun tilẹ̀ kò sí. Ìdáhùn kejì ni pé Thomas kó lẹ́tà náà jọ sínú ìwé ní 1930, tí ó fi gbé e kúrò níbi tí a ti ń wá ìròyìn wá sí ibi tí a ti ń wá ìtàn. Ìdáhùn méjèèjì ní ìtumọ̀, àmọ́ wọn kò san gbèsè náà tán. Owó tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí ó sọ Sẹ̀gilọlá di ìtàn àròsọ tí ó lágbára gan-an ni ohun tí Thomas jẹ àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní gbèsè lé lórí, èyíinì ni ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú akéde. Ó mú òǹtẹ̀ ìròyìn, ó lù ú mọ́ àròsọ. Lítíréṣọ̀ wa jèrè níbẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni ó sanwó rẹ̀. Alámèyítọ́ tí ó bá sọ ọ̀kan tí kò sọ èkejì kò ṣe ìdájọ́ tọ́.

Ibòmíràn tún wà tí àṣà olótùú ti fara hàn nínú ìtàn náà, tí a kì í sì í sábà mẹ́nu bà. Sẹ̀gilọlá kò jẹ́ dárúkọ àwọn ọkùnrin tí ó bá a lò pọ̀. Ó ní wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì ní ọmọ àti ará ní ìlú. Bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìsọ̀tàn, ó ń mú kí ìtàn jọ òtítọ́, nítorí ẹni tí ó bá ń pa irọ́ kì í sábà bẹ̀rù pé orúkọ yóò ba ẹnìkan jẹ́. Bí a bá wò ó láti orí àga olótùú, ìṣọ́ra tí ẹ̀wọ̀n 1928 kọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn Èkó ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìṣọ́ra yìí ṣe sí ìtàn. Ẹgbẹ̀rún ọkọ wà nínú àkọlé, kò sí ọ̀kan tí ojú tì ní gbangba. Obìnrin nìkan ni ó ní orúkọ, òun nìkan ni ó ń ṣàìsàn, òun nìkan ni ó ń tọrọ ìdáríjì. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá a jẹ ayé náà lè wà lára àwọn tí ń ra Akéde Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń ka ìtàn náà tí wọ́n sì ń mi orí. Ọkùnrin ni ó fi ohùn obìnrin kọ ọ́, òfin ni ó sì ràn án lọ́wọ́ láti bo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Èyí ni àléébù tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà lójú tiwa. Bí a bá sì kà á bí ìtàn àròsọ lásán, a kò ní mọ ibi tí àléébù náà ti wá.

Ní ti ìlò-èdè, ìyìn ni a ní fún olótùú yìí. Látìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884 ni ọ̀rọ̀ ìwé ti máa ń ní ohùn ìwàásù. Thomas kò lé ohùn ìwàásù jáde. Sẹ̀gilọlá mọ orin ìsìn, ó sì mọ ẹsẹ Bíbélì. Ṣùgbọ́n olótùú tí ń gbé ìwé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè máa wàásù láti òkè dé ilẹ̀ kí ìwé rẹ̀ tà. Nítorí náà ni orin faaji ìgboro Èkó ṣe jókòó ti orin ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìtàn náà, tí òwe àgbà sì jókòó ti àbùkù ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ọjà máa ń fi bú ara wọn. Sẹ̀gilọlá ń pe olótùú, ó ń bá òǹkàwé wí, ó ń sunkún, ó ń rántí ayẹyẹ ọjọ́un pẹ̀lú adùn tí kò yẹ kí ó wà lẹ́nu ẹni tí ó ti ronú pìwà dà. Ní ibi tí adùn yìí ti borí ìkìlọ̀ ni ìtàn náà ti dára jù. Ó hàn pé olótùú mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni yóò jẹ́ kí bàbá ilé ra ìwé, adùn ni yóò jẹ́ kí ó kà á tán.

Ipa tí ó yẹ kí a fi Thomas sí nínú ìtàn lítíréṣọ̀ wa ni èyí ń fi hàn. Bí a bá sọ ọ́ di òǹkọ̀wé nìkan nítorí kí a lè fi bá Fágúnwà díje, a ti gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀. Fágúnwà fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé igbó irúnmalẹ̀ ró láti inú ìfojú-inú-wò. Thomas fi hàn pé ó lè gbé òpópó tí gbogbo wa mọ̀ ró, kí ó sì mú kí àwọn ará òpópó náà kọ̀wé dáhùn. Ẹ̀kọ́ kejì yìí, orí àga olótùú ni a ti kọ́ ọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá máa fi ojú ìwé Akéde Èkó han akẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn, ìpolówó àti lẹ́tà papọ̀, dípò kí wọ́n máa fa ìtàn náà yọ bí ẹni yọ eegun ẹja.

Fún àwọn tí ń ṣe olótùú lónìí, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ le díẹ̀. Iṣẹ́ tí ó dára jù nínú ìgbésí ayé Thomas ni ibi tí ó ti na àyè olótùú kọjá ààlà rẹ̀. Kò sí olótùú tí ó tún lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ba ilé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Bí olótùú bá ní ìtàn nínú, kí ó kọ ọ́, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí ó sì fi agogo akéde sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ààfin bá rán an.